Mo Gbé Èjìká Ẹ̀wù Ayẹta Lọ sí Màídúgùrì

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sẹ́ni tó rí mi ní Ìkòròdú tí kò bi mí pé, "Bàbá Wàsíù, ṣé lóòótọ́ lẹ lọ sí Màídúgùrì? Kí lẹ gbàgbé síbẹ̀?" Àwọn kan tiẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé màlúù ni mo lọ rà. Mo wá ní kí n jókòó kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹnu mi lè sinmi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye owó ọkọ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń wọ̀ ọ́, kó lọ béèrè ní gáréèjì. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ Ìkìrun ni mí. Iṣẹ́ ló gbé mi dé Ìkòròdú, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Ẹ́sítéètì ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó mi, Síkírá, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Télọ̀ ni, ìsọ̀ rẹ̀ wà ní Benson. Wàsíù ni àkọ́bí wa, ṣọ́jà ni, apá Bọ̀nọ́ lọ́hùn-ún ni wọ́n gbé e lọ. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí, kí ọ̀ràn yìí tó ṣẹlẹ̀, mi ò kọjá Ìlọrin rí láyé mi.

Ẹ̀pẹ́ ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí Wàsíù wálé kẹ́yìn, ó gbé ẹ̀wù ayẹta rẹ̀ dání. Aṣọ rẹ̀ nìkan o. Ẹ̀wù náà ní àpò ńlá níwájú àti lẹ́yìn, inú àpò yẹn ni wọ́n ń ki pátákó líle kan bọ̀ tí wọ́n ń pè ní pléètì, òun gan-an ló ń dá ọta ìbọn dúró. Ó ti fi pléètì sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó ní èjìká ẹ̀wù yẹn ń bó òun lọ́rùn, kí ìyá òun bá òun wá nǹkan ṣe sí i.

Ẹ ò mọ ìyàwó mi. Kò sí aṣọ tó rán rí tí kò bo ìdodo. Tí àwọn ọmọge bá gbé sítáì tó ń fi ikùn hàn wá, á gba owó, á wọn aṣọ, á sì rán an kọjá ìdodo. Wọ́n á pariwo títí á fi sú wọn. Nígbà tí Wàsíù wọ nǹkan yìí níwájú dígí, tí Síkírá rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá abẹ́ ọmú, ó figbe ta. "Yéè! Ikùn ọmọ mi wà níta gbangba!" Ó gé èjìká méjèèjì kúrò, ó rán tuntun tó gùn dípò wọn, ó sì fi fóòmù sínú kí wọ́n lè rọ̀ bí ọ̀já ìpọnmọ. Wàsíù wọ̀ ọ́, ó yí lọ yí bọ̀, ó ní, "Màmá, ẹ ti gbà mí." Inú èmi náà dùn, mo tiẹ̀ ra mínírà fún gbogbo wa.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn la lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní Ẹ̀pẹ́, Ẹ̀gbọ́n Rásákì. Ṣọ́jà làwọn náà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ẹja ni wọ́n ń sìn báyìí lọ́nà Èjìnrìn, ẹsẹ̀ wọn kan ò sì dáa mọ́. A ń jẹun lọ́wọ́ ni ìyàwó mi fa fóònù yọ, fọ́tò tí Wàsíù ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ ló fẹ́ fi hàn wọ́n. Ó ń ṣe fáàrí.

"Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi lára ọmọ yín."

Ẹ̀gbọ́n Rásákì gba fóònù. Wọ́n fi ìka fa fọ́tò náà kó tóbi. Wọ́n wá dá òkèlè tó wà lọ́wọ́ wọn padà sínú abọ́.

"Ta ló fa pléètì ọmọ yìí wálẹ̀ báyìí?"

"Èmi ni," ìyàwó mi ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Kó lè bo ikùn ẹ̀ ni."

"Síkírá, ta ló ní kó bo ikùn?" Wọ́n fi ìka sí kòtò ọ̀fun tiwọn, níbi tí egungun àyà ti bẹ̀rẹ̀. "Ibí yìí ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ibí! Ọkàn ló ń bò, àti ẹ̀dọ̀fóró. Ọta tó bá wọlé síbí, ẹnikẹ́ni ò ní ráyè sáré gbé e lọ sọ́síbítù. Ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ láyà ọmọ yìí."

Kò sẹ́ni tó parí oúnjẹ yẹn nínú wa. Ìyàwó mi ò sunkún, ó kàn ń na ọwọ́ gba fóònù, ó ń wo fọ́tò, ó ń gbé e kalẹ̀, ó tún ń gbé e. A pe Wàsíù títí, kò lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Sámúẹ́lì, tó wà nínú ìlú Màídúgùrì gan-an, ló gbé tirẹ̀. Ó ní Wàsíù ti padà sínú igbó tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n wọ́n máa wọ ìlú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wá kó oúnjẹ, wọ́n á sì tún padà sínú igbó.

Bí a ṣe délé, Síkírá da àpò àkísà sílẹ̀ láàárín ìsọ̀. Abẹ́ gbogbo ègé aṣọ yúnífọ́ọ̀mù ló ti rí èjìká àkọ́kọ́ méjèèjì tó gé kúrò. Ó dì wọ́n mọ́yà, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun ò tíì dáná sun wọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé kí ló dé tá ò fi wéébìlì rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Ta ló máa rán an mọ́ ẹ̀wù lọ́hùn-ún? Télọ̀ wo ló máa mọ ohun tí a fẹ́? Ìyàwó mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà ti ní kó má rìnrìn-àjò tó jìnnà. Ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Rásákì nìyẹn. Ó wá ku èmi tí mi ò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ rí. Níṣojú gbogbo àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni Síkírá ti kọ́ mi ní ìránṣọ. Tí mo bá rán an tán, á fà á já.

"Bàbá Wàsíù, èyí ò lè gbé ike omi dúró, ká tó wá sọ pléètì. Ẹ tún un rán."

Àwọn tí mò ń wo àyà wọn

Láti Jọ́ọ̀sì lọ ni ilẹ̀ ti ń tẹ́ pẹrẹsẹ, igi ń fọ́nká, eruku ń pọ̀ sí i. Mi ò rí i gbádùn. Ìyá kan tó jókòó tì mí ń fún mi ní ẹ̀pà, a ń fi ọwọ́ bá ara wa sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Nígbà tí a kọjá Dàmátúrú, gbogbo ọkọ̀ dákẹ́. Ẹni tó ń fi rédíò fóònù gbọ́ wàásù, ó pa á. Dírẹ́bà náà ò bú ẹnikẹ́ni mọ́.

Àwọn yòókù ń wo igbó. Èmi ń wo àwọn ṣọ́jà tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Mi ò wo ìbọn wọn, mi ò wo ojú wọn, àyà wọn nìkan ni mò ń wò. Ti àkọ́kọ́ wà lókè, ó dáa. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì náà wà lókè. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta wálẹ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀ lọ fà á sókè fún un.

Níbi kan tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò, wọ́n ní kí gbogbo wa sọ̀, kí kálukú gbé ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́, ká máa fẹsẹ̀ rìn kọjá. Ṣọ́jà kan ní kí n ṣí báàgì mi. Ó gbé búbá mi kúrò, ó gbé gàrí tí Síkírá dì fún mi kúrò, ó wá fa èjìká méjèèjì jáde. Ó mọ̀ wọ́n lójú ẹsẹ̀.

"Bàbá, wẹ́tìn bì dís?"

Ẹ rò ó wò. Bàbá tí kò gbọ́ Haúsá, ó ń ti Èkó bọ̀, ẹrù ológun wà nínú báàgì rẹ̀, ojú ọ̀nà tí wọ́n sì ti ń wá àwọn tó ń kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀tá nìyẹn. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀ ní Ẹ́sítéètì sá kúrò lórí mi. "Mai wáìfù," ni mo ń tẹnu mọ́. "Mai wáìfù, télọ̀." Ó ní kí n jókòó sílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀. Mo gbójú sókè wo ìyá ẹlẹ́pà, ó yí ojú kúrò, ó sún sẹ́yìn. Mi ò bá a wí. Tó bá jẹ́ èmi ni, ṣé mi ò ní sún sẹ́yìn?

Ọ̀gá wọn kan wá, ọkùnrin gbọọrọ tí ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn. Mo fi fóònù hàn án. Fọ́tò Wàsíù ló wà níbẹ̀. Mo fi ìka tọ́ka sí èjìká, mo tọ́ka sí ikùn, mo tọ́ka sí àyà ara mi, omi ti ń bọ́ lójú mi láìmọ̀. Ọkùnrin náà wo fọ́tò yẹn pẹ́. Ó wá fi ìka kan ẹ̀wù tiẹ̀ lókè, kó kó kó, lábẹ́ ọ̀fun. Ó fi pijin sọ fún mi, díẹ̀díẹ̀ kó lè yé mi, pé òun gbé ẹnì kan rí tí ọta gba òkè pléètì wọlé, àyè tí kò ju ìka méjì lọ. Mo dúró kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni yẹn.

Òun fúnra rẹ̀ ló dá èjìká náà padà sínú báàgì mi, ó sì gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́yìn ṣòkòtò mi bí ẹni pé ọmọ mi ni. Ó ní kí dírẹ́bà má dúró rajà lójú ọ̀nà mọ́. "Bàbá, gó kwík," ló sọ fún mi. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju ìbọn tó wà lọ́wọ́ wọn lọ.

Ilé Màmá Bíńtù

Ẹni tí Sámúẹ́lì bá mi wá ilé sọ́dọ̀ rẹ̀ ni Màmá Bíńtù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Màídúgùrì ni wọ́n bí i sí, kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Yorùbá tó ń sọ dà bíi ti ìyá tó bí ìyá mi. Ó ń pe yàrá ní "ìyẹ̀wù", ó sì ń fi "wàlàhí" àti "tò", "ó dáa" ti àwọn Haúsá, há àárín gbogbo ọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀, Bà Módù, ọmọ Kànúrí ni, fìlà ló ń fi ọwọ́ ṣe ọnà sí lára. Kò gbọ́ èdè mi, èmi náà ò gbọ́ tiẹ̀.

Mo fẹ́ kó ẹjọ́ mi kalẹ̀ bí mo ṣe wọlé. Màmá Bíńtù ò gbà.

"Ẹ wẹ̀ ná. Ẹ jẹun ná. Ẹ sùn ná. A kì í bi àlejò léèrè kó tó sinmi níhìn-ín."

"Màmá, ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá ò fẹ́ ìsinmi."

"Tò. Ẹ wẹ̀ ná."

Ẹ ò rí i pé ìwà ọmọlúàbí lè fẹ́ pa èèyàn? Wọ́n kí mi, wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ọ̀nà, wọ́n béèrè òjò Èkó, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí mo wá ṣe.

Inú abọ́ kan ṣoṣo lèmi àti Bà Módù ti jọ jẹun. Wọ́n fi kẹ́tùlù da omi sí wa lọ́wọ́. Búrábísíkò ni wọ́n gbé wá, ó dà bí gàrí tí kò rí omi tó, ó wẹ́, ó sì fúyẹ́. Bà Módù fi ìka ti ẹran sí apá ọ̀dọ̀ mi. Mo tì í padà. Ó tún tì í wá. Màmá Bíńtù bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ ẹ́ o! Ẹ ń bú u ni tẹ́ ẹ bá ń dá a padà."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ọbẹ̀ kan wá tó dúdú tó sì ń yọ̀. Mo ń fojú yí i ká. Ó wò mí. "Ọmọ Ìkìrun ò mọ lúúrú? Ewé osè mà ni." Ojú tì mí gan-an. Ọbẹ̀ ilé wa ni mo ń sá fún.

Mo ti rò pé nítorí pé Mùsùlùmí ni mí, ibẹ̀ ò ní ṣàjèjì sí mi. Nígbà tí lèmọ́ọ̀mù bá ń ké Fátíhà, mo wà nílé. Bí a bá ti sálámà tán, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀, mo tún di àlejò. Àwọn èèyàn á bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín bí odi. Oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe eré, abẹ́ igi dóńgóyárò nìkan lèèyàn ti lè mí. Ọkọ̀ ológun ń kọjá, mo sì ń sáré jáde lọ wo àyà àwọn tó wà lórí rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n dá pé Wàsíù máa wọlé pé, kò wọlé. Sámúẹ́lì ní ọ̀nà ni kò dára. "Kò dára báwo?" Ó ní kí n ṣáà ní sùúrù. Ìyàwó mi ń pè láàárọ̀, ó ń pè lọ́sàn-án.

"Ṣé ẹ ti rí i?"

"Kò tíì dé."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní ọ̀nà ò dára."

A ó jọ máa gbọ́ èémí ara wa, owó fóònù á máa lọ. Kí n má bàa ya wèrè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkísà kọ́ ìránṣọ níwájú Bà Módù. Ó wo ọwọ́ mi títí, kò lè fara dà á. Ó gba abẹ́rẹ́, ó fa òwú náà gba ara àbẹ́là kí ó lè le, ó rán, ó fà á, kò já. Ó dá a padà fún mi. Nígbà náà ni Màmá Bíńtù wá jókòó tì wá, tó ní, "Tò, Bàbá. Ó wá yá. Kí ló gbé yín wá?" Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, tó sì túmọ̀ rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, Bà Módù gbé fìlà tó ń ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí Wàsíù fi dé.

Ìkòròdú lára wọn

Ọ̀sán gangan ni ọkọ̀ wọn dúró níwájú ilé Màmá Bíńtù. Wàsíù bẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, ó ti rù, eruku ti sọ irun ojú rẹ̀ di funfun. Mo fà á dìde. Mo kọ́kọ́ wo àyà rẹ̀. Pléètì yẹn wà lórí ikùn rẹ̀ bíi tinú fọ́tò, òkè àyà rẹ̀ wà lófìfo, aṣọ lásán ló bò ó.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì sọ̀ tẹ̀ lé e. Mo wo tiwọn. Ẹ gbà mí o! Tiwọn náà wà lórí ikùn!

"Bàbá, Màmá ti di gbajúmọ̀," Wàsíù ń rẹ́rìn-ín. "Nígbà tí wọ́n rí tèmi, wọ́n lọ bá télọ̀ kan kó bá wọn fi aṣọ kún èjìká tiwọn. Ìkòròdú ni wọ́n ń pè é. 'Ṣe Ìkòròdú fún mi.' Sájẹ́ǹtì wa ti pariwo pariwo pé ká fà á sókè. Ooru mà ni, Bàbá. Tó bá wà lókè, ó ń fún èèyàn lọ́rùn, kò jẹ́ ká mí."

Mi ò mọ ìgbà tí mo gbá a létí. Ọmọ tó ga jù mí lọ, níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Bọ́ ọ!" ni mo ń pariwo. "Bọ́ ọ kúrò lára! Ẹ̀yin náà, ẹ bọ́ ọ!" Àwọn méjèèjì ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n bọ́ ọ. Mo wá jókòó sílẹ̀, mo sì sunkún bí ọmọdé. Wàsíù kúnlẹ̀ tì mí, ó ń bẹ̀ mí, kò tíì mọ ohun tó gbé mi wá.

Abẹ́ dóńgóyárò la ti ṣiṣẹ́ náà. Mo tú ohun tí ìyàwó mi rán, mo fi èjìká àkọ́kọ́ padà sípò rẹ̀. Bà Módù fa ti àwọn ọ̀rẹ́ Wàsíù sọ́dọ̀, ó fi abẹ tú ohun tí télọ̀ fi kún wọn, ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ fíìfíì. Nígbà tó ṣe tiwọn tán, ó gba èyí tí mo rán, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi gbogbo agbára fà á. Kò já. Ó wò mí, ó mi orí pé ó dáa. Láyé mi, kò sí ọ̀gá kankan tó yìn mí tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀.

Wàsíù wọ ẹ̀wù rẹ̀. Mo fi ìka wá kòtò ọ̀fun rẹ̀, etí pléètì wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo fi ọwọ́ gbá a, ó le, ó dún. "Alihamudulilahi," ni mo wí. Ojú mi wá sọ̀ kalẹ̀, mo sì rí ikùn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì lásán, àti ara ọmọ mi tó ń mí lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé e.

"Ibí ńkọ́?"

"Bàbá mi, ibẹ̀, tí nǹkan bá ṣe é, wọ́n ní àyè ṣì lè wà láti gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àyà ni kì í fúnni láyè." Ó fi ọ̀já kan hàn mí tó há mọ́ àyà rẹ̀, ó ní tí ọta bá ba apá tàbí ẹsẹ̀, òun ni wọ́n fi ń so ó kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dà tán, gbogbo wọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń so ó fún ara wọn. "Tí irin bá bo gbogbo ara mi, mi ò ní lè sáré. Sísá náà wà lára ohun tó ń gba èèyàn là."

"Ta ló ní kí wọ́n yan èyí fi èyí sílẹ̀?"

"Bó ṣe rí nìyẹn, Bàbá."

Mi ò gbé ọwọ́ mi kúrò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wọ ọkọ̀, wọ́n ń fọn fèrè, Wàsíù náà ò ní kí n gbé e kúrò. Òun fúnra rẹ̀ ló wá mú ọwọ́ mi nígbẹ̀yìn, ó fi sí iwájú orí ara rẹ̀, mo ṣàdúà fún un, ó sì lọ.

Kí eruku wọn tó rọlẹ̀ ni fóònù dún, Síkírá ni.

"Mo rán an," ni mo kọ́kọ́ sọ.

"Ṣé ó le?"

"Ó le. Èèyàn fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó fà á, kò já."

Ó mí kanlẹ̀. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ pé, "Ó rí i. Ó ti rán an." Wọ́n ń hó. Ó wá padà sórí fóònù, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Bàbá Wàsíù, ikùn ẹ̀ ńkọ́?"

Mo fẹ́ purọ́ fún un. Mo wá ọ̀rọ̀ títí.

"Síkírá," mo ní, "ó bo ọkàn ẹ̀."

Kò pa fóònù. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, mẹ́ṣíìnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ.